Wọ́n Fi Owó Kún Owó Oṣù Mi, Síbẹ̀ Iṣẹ́ Náà Kò Dùn Mọ́ Mi

Lẹ́tà tí a rí gbà lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé wa lè gbà lọ. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bi mí láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ni ó ń mú kí ọ̀dọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí sì ni ó ń mú kí ó sú u? Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá. Mo ti gé wọn kúrú, mo sì ti yọ orúkọ ilé iṣẹ́ kúrò nínú wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo jáde ní Poly Ìkòròdú kí wọ́n tó sọ ọ́ di yunifásítì, láti ìgbà náà ni mo sì ti wà ní ilé iṣẹ́ kan ní Odógúnyán, níbi tí a ti ń di ọṣẹ sínú páálí. Kòńtráktọ̀ ni ó gbà mí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé owó oṣù wa kúrò ní 52,000 náírà, ó di 85,000. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tilẹ̀ jó. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí àárọ̀ ọjọ́ Ajé tún fi ń wúwo lára mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Màmá mi ní aláìmoore ni mí, pé àwọn ẹgbẹ́ mi wà nílé tí wọn kò rí iṣẹ́ ṣe. Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?*

Ọmọ mi, ìwọ kì í ṣe aláìmoore. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ ti ṣàpèjúwe ohun tí ó ń ṣe ọ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Frederick Herzberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn oníṣirò owó bíi 200 lẹ́nu wò ní agbègbè Pittsburgh, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1959. Ìbéèrè wọn kò le: ẹ sọ ìgbà kan tí inú yín dùn gan-an sí iṣẹ́ yín fún wa, kí ẹ sì sọ ìgbà kan tí ó sú yín pátápátá. Nígbà tí wọ́n to ìdáhùn jọ, wọ́n rí i pé ohun tí ń mú inú dùn kì í ṣe òdìkejì ohun tí ń bí ènìyàn nínú. Ẹni tí ń sọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn a máa mẹ́nu ba iṣẹ́ tí ó ṣe yọrí, ìyìn tí ó gbà, ojúṣe tí a fi lé e lọ́wọ́, ìgbéga tí ó rí, àti adùn tí ó wà nínú iṣẹ́ náà gan-an. Ẹni tí ń sọ ìgbà tí ó sú u kì í sábà ya ibẹ̀: ìlànà ilé iṣẹ́, bí alábòójútó ṣe ń ṣe sí i, owó oṣù àti bí ibi iṣẹ́ ṣe rí ni ó kún ẹnu rẹ̀.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà báyìí, owó tí kò tó a máa bí ènìyàn nínú; bí ó bá wá tó, ìbínú náà yóò lọ, ṣùgbọ́n àyè tí ó fi sílẹ̀ lè ṣófo síbẹ̀. Ibi tí o wà nìyẹn. Wọ́n ti bá ọ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, o dúpẹ́, o sì jó. Pé ẹsẹ̀ kò dùn ọ́ mọ́ kò wá sọ pé o ti mọ ibi tí ò ń lọ.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ta ko Herzberg. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn rí, pé bí nǹkan bá dára, a ó ní àwa ni a ṣe é, bí ó bá sì bàjẹ́, a ó dì í ru ọ̀gá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, èmi náà kò sì ní jókòó sí Ìkòròdú níhìn-ín, bí gàrí ti gbówó lérí tó yìí, kí n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé owó kì í mú inú dùn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí ó ń sọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, akọ̀wé ni mí ní ẹ̀ka tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó jókòó ti ẹ̀rọ tí ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀, kí ó máa ṣa èyí tí kò lẹ̀ dáadáa sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó lọ bá alábòójútó, ó ní ohùn ẹ̀rọ náà ti yàtọ̀, pé ó ń dún bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wọ inú rẹ̀. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé, “Ṣé ìwọ ni ẹnjiníà ni?” Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, láàárín iṣẹ́ alẹ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́, odidi ọjọ́ méjì ni a kò sì fi rí ọ̀rá kan ṣoṣo lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí ohun tí ọmọ náà sọ, àfi òun fúnra rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí ni ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé níbo ni ó ń lọ. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ẹbúté ni, owó tí yóò sì máa gbà níbẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí a ń san fún un. Ohun tí ó sọ tẹ̀ lé e ni n kò gbàgbé: “Mà, bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ké, mo lè tú u wò.”

Ní 1976, J. Richard Hackman àti Greg Oldham, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín òṣìṣẹ́ 658 tí ń ṣe iṣẹ́ oríṣi 62 ní ibi iṣẹ́ méje. Wọ́n ní iṣẹ́ a máa ní láárí lójú ẹni tí ń ṣe é bí ó bá ń lo ju ọgbọ́n kan lọ nídìí rẹ̀, bí ó bá ń rí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó bá mọ ẹni tí iṣẹ́ náà ń ṣe láǹfààní, bí wọ́n bá fún un láyè láti pinnu bí yóò ti ṣe é, àti bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá ń fi hàn án bóyá ó ṣe é dáadáa. Wá gbé iṣẹ́ tìrẹ lé ìwọ̀n yìí. Páálí ṣí, ọṣẹ wọlé, páálí pa dé, páálí lọ. O kò mọ bí a ti ń se ọṣẹ náà, o kò mọ ọjà tí wọ́n ń kó o lọ, bí o bá sì di 1,000 páálí láìsí àbùkù, ẹnikẹ́ni kò ní sọ nǹkan kan fún ọ. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá ya ni wàá gbọ́ orúkọ rẹ.

Nítorí náà, má kọ́kọ́ wá owó kún owó. Bẹ alábòójútó rẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí o máa kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ka mìíràn mọ́ tìrẹ, yálà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò ni tàbí ìdí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìkẹ́rù, níbi tí ìwé tí o kà ti lè wúlò. Kí o sì wádìí ohun kan tí o fi ọ̀rọ̀ gbòlóhùn kan kọjá lórí rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ: kòńtráktọ̀ yẹn. Ẹni tí kòńtráktọ̀ gbà àti ẹni tí ilé iṣẹ́ gbà lè jọ máa di páálí kan náà fún ọdún márùn-ún, kí ọ̀kan máa gba owó ìtọ́jú ara, kí ó máa lọ fún ìsinmi, kí ó máa retí ìgbéga, kí èkejì má sì ní ohunkóhun. Béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti bọ́ láti ọwọ́ kòńtráktọ̀ sí ojúlówó òṣìṣẹ́ rí níbẹ̀. Bí wọn kò bá rí ẹyọ ẹnì kan dárúkọ fún ọ, o ti mọ ohun tí ń wúwo lára rẹ lọ́jọ́ Ajé, ó sì yẹ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn nígbà tí owó ṣì ń wọlé.

Bá mi kí màmá rẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ebi tí ń pa aládùúgbò kò sọ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ di aládùn lẹ́nu ẹni.

*Ẹ̀yin àgbà, mo ń gbé ní Agric, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, nílé iṣẹ́ tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jáde nílé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ni mo ń wọlé. 220,000 náírà ni owó oṣù mi. Ilé iṣẹ́ kan ní ojú ọ̀nà Ṣágámù ní kí n wá gba 140,000. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ní n kò gbọdọ̀ já ara mi wálẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti ń sú mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.*

Àbúrò mi, iṣẹ́ kọ́ ni ó sú ọ, Máìlì 12 ni.

Jẹ́ kí a ṣírò. O kò sọ iye tí ò ń ná sórí ọkọ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a fi í sí 4,000 náírà lójúmọ́, àtàlọ àtàbọ̀. Ìyẹn jẹ́ 88,000 fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ó sì ku 132,000. Wákàtí 17 ni o fi ń wà níta lójúmọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 374 lóṣù, tí wákàtí kan fi jẹ́ nǹkan bíi 353 náírà. Ní ti ojú ọ̀nà Ṣágámù, bí owó ọkọ̀ bá jẹ́ 800 lójúmọ́, 122,400 ni yóò kù. Bí o bá sì ń lo wákàtí 10 níta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 220, wákàtí kan yóò sì lé ní 556 náírà. Ohun tí Victoria Island fi ju ojú ọ̀nà Ṣágámù lọ nínú àpò rẹ kò tó 10,000 náírà lóṣù. Wákàtí 154 ni o fi ń rà á. Fi iye tí ò ń ná gan-an rọ́pò tèmi, kí o sì tún un ṣírò níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ní 2004, Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní ìpínlẹ̀ Texas ti kọ ohun gbogbo tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kan sílẹ̀, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lára wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, ìrìn àárọ̀ sí ibi iṣẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó burú lójú wọn ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, Texas ni wọ́n wà o, wọn kò tíì dúró ní Òwòdé Onírin lọ́jọ́ òjò. Ẹni tí ó ti lo agbára rẹ̀ tán kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́ yóò rò pé iṣẹ́ ni ó gba agbára náà lọ́wọ́ òun.

Síbẹ̀, má tíì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà BRT láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú ti ń ṣiṣẹ́ láti 2015, ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé èrò láti Ẹbúté lọ sí Erékùṣù. Bí o kò bá tíì fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dán ti ojú omi wò, dán an wò. Béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá o lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ gbé ara lọ bá lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ará ojú ọ̀nà Ṣágámù, kí o bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò máa fún ọ ṣe gan-an. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí ó ní ọgbọ́n nínú ni, lọ gbà á kí o máa sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé risíìtì ni wọ́n fẹ́ kí o máa tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní pé oṣù mẹ́fà tí oorun náà yóò fi sú ọ.

*Ẹ jọ̀wọ́ mà, mo ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nílé ìtajà kan lẹ́bàá Gáréèjì. Oṣù 14 rèé, wọn kò fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí owó bá dín lálẹ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi láìwádìí. N kò gbádùn ibẹ̀ rárá. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀?*

Rárá o. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kan àwọn tí ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, mo sì ka agbowó bíi tìrẹ mọ́ wọn. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí àdéhùn iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Abala 5 kò fàyè gba kí a máa yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àdánù tàbí kí ó ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, iye tí yóò yọ sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Nítorí pé o ti lé ní oṣù 12, ìsinmi tí a sanwó fún, tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, tọ́ sí ọ. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dá ọ dúró kí o tó pé ọdún méjì, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ.

Má lọ fi òfin na ọ̀gá rẹ lójú. Kọ lẹ́tà tútù, béèrè fún ìwé rẹ, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, má ṣe dá owó kà mọ́: kí ìwọ àti ẹnì kan jọ kà á, kí ẹ jọ fọwọ́ sí iye tí ẹ bá. Àìgbádùn rẹ kò yà mí lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí kò mọ iye tí yóò gbà ní ìparí oṣù kò lè ráyè ronú bóyá iṣẹ́ náà dùn tàbí kò dùn.

*Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Mo ní ilé búrẹ́dì ní Igbógbó, òṣìṣẹ́ 19 ni mo ní. Láàárín ọdún méjì, ọ̀dọ́ mẹ́jọ ni ó ti fi mí sílẹ̀. N kì í jẹ owó oṣù, mo sì ń fún wọn ní ìrẹsì àti adìẹ nígbà ọdún. Èyí tí ó dé kẹ́yìn, mo fi 15,000 náírà lé iye tí mo ń san fún àwọn yòókù kí ó má baà kọ̀ mí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò ní sùúrù bíi tiwa nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́. Kí ni kí n ṣe kí wọ́n lè dúró?*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìdí iná. Pé ẹ kì í jẹ owó oṣù, ohun ńlá ni lásìkò yìí, mo sì mọ̀ bí fúláwà ti rí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dì mọ́ ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ fi parí lẹ́tà yín. Ọdún mélòó ni ẹ fi kọ́ ọ, mẹ́ta ni tàbí mẹ́rin? Wọn kò san kọ́bọ̀ fún yín, ẹ ń gbálẹ̀, ẹ ń pọnmi, ẹ ń gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, ẹ sì dúró. Èmi kò gbà pé sùúrù nìkan ni ó dá yín dúró. Ẹ dúró nítorí pé ẹ mọ ọjọ́ tí yóò parí àti ohun tí ẹ ó dà lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ ìgbà tí wọn yóò jẹ́ kí ẹ po fúláwà, ẹ mọ ìgbà tí wọn yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan ààrò, ẹ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ frídọ́ọ̀mù, àwọn ẹbí yín yóò gbé mínírà wá, ọ̀gá yóò gbé ọwọ́ lé yín lórí, wọn yóò ṣàdúrà, a ó ya fọ́tò, ẹ ó sì gba ìwé ẹ̀rí tí ẹ ó fi gíláàsì sí. Ó ṣeé ṣe kí ó ṣì wà lára ògiri yín dòní. Ọmọ tí ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ yín kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti máa wò. Lọ́dún kìíní, ó ń gbé páànù. Lọ́dún kẹta, ó ṣì ń gbé páànù.

Ọ̀rọ̀ 15,000 yẹn kọ mí lóminú. Ṣé ẹ rò pé àwọn yòókù kò mọ̀? Ọjọ́ tí ẹ sanwó ni wọ́n ti mọ̀. Ní 1963, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ John Stacy Adams ṣàlàyé pé òṣìṣẹ́ kì í wo owó tirẹ̀ nìkan. Ó ń wo làálàá rẹ̀ àti èrè rẹ̀, ó sì ń fi méjèèjì wé ti ẹni tí wọ́n jọ wà. Bí ó bá rí i pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, yóò dín agbára tí ó ń lò kù, tàbí kí ó máa lọ. Ẹni tí ó bá ti pín ẹran fún ọmọ méjì rí kò nílò kí ọ̀mọ̀wé kan sọ èyí fún un. Nínú àwọn mẹ́jọ tí ó lọ, ẹ wò ó dáadáa bóyá àwọn tí ó pẹ́ jù kọ́ ni ó pọ̀ jù.

Ẹ kò sọ bí ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, n kò sì ní fi ẹ̀sùn kàn yín. Mo kàn ti dúró ra búrẹ́dì gbígbóná ní ìdájí tó láti mọ̀ pé bí ààrò kan bá jó, a máa ń gbọ́ orúkọ bàbá ẹni tí ó jó o dé òdìkejì títì.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 tún kàn yín, nítorí pé òṣìṣẹ́ 15 ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọ̀dọ̀ yín, ìdá 8 láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́, sínú àpò tí ó jẹ́ tirẹ̀, tí yóò sì máa bá a lọ síbikíbi tí ó bá ti ṣiṣẹ́. N kò ní purọ́ fún yín pé ìyẹn ni yóò dá ọmọ ọdún 22 dúró, ọjọ́ ogbó ṣì jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ gbèsè lọ́rùn yín.

Bí ilé búrẹ́dì náà bá jẹ́ tèmi, bébà kan ni màá kọ́kọ́ tẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni yóò wà lórí rẹ̀: agbépáànù, apofúláwà, alààrò, olórí ìdí iṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá kọ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó débẹ̀, iye oṣù tí ó lè gbà á, àti owó tí ó wà níbẹ̀, kí owó ẹni tuntun má sì ju ti ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Lẹ́yìn náà, màá mú ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi, màá fi ààrò kan lé e lọ́wọ́ ní gbogbo ìdájí Sátidé, kí ó po ó fúnra rẹ̀, kí ó wọn ṣúgà rẹ̀, kí ó mọ ìgbà tí yóò gbé e jáde, n kò sì ní yọjú títí di aago mẹ́jọ. Ó lè jó ní Sátidé àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jó. Owó fúláwà ààrò kan kò tó ohun tí ẹ óò ná láti tún kọ́ agbépáànù kẹsàn-án.